Kòkòrò Ọgbà Mi Kò Tíì Tán

Onísùúrù kọ́ ni mí, ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ kalẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ tí mo kọ́ sì lè jẹ́rìí sí i pé tí mo bá ti bọ́ awò ojú mi lé orí tábìlì, oníkálukú á ti máa wá ibi tí yóò sá sí. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo gbin ẹ̀fọ́ sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìkẹ́nnẹ́: ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ewédú díẹ̀, àti ilá lẹ́bàá ògiri. Mo rò pé ẹ̀fọ́ ò ní bá mi jiyàn bí ọmọ iléèwé. Lóòótọ́, ẹ̀fọ́ ò bá mi jiyàn. Àwọn tó wá ń jẹ ẹ́ ni wọn ò gbọ́ tèmi.

Tata ló kọ́kọ́ dé. Àwọn tata tí ara wọn ní àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ìyeyè ni mò ń wí, àwọn tó ń rùn, tí wọn kì í kánjú sá fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n á kàn jókòó sórí ewé bí ẹni tó ti sanwó ilé ọdún méjì sílẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni àwọn kòkòrò onírun dé, àwọn yẹn sì fi abẹ́ ewé ṣe ilé tiwọn. Kò tó ọjọ́ mẹ́wàá tí ṣọkọ mi fi di asẹ́.

Mo da eérú sí i. Afẹ́fẹ́ gbé eérú náà lọ sára aṣọ tí mo sá. Mo lọ ata wẹ́wẹ́ mọ́ aáyù, mo pò ó mọ́ omi ọṣẹ, mo ń fín in kiri. Ojú èmi gan-an ló ta mí, tata kan ò tilẹ̀ sín. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ní àfàìmọ̀ kí wọ́n má rò pé ọbẹ̀ ni mo gbé wá fún wọn kí wọ́n lè fi jẹ ẹ̀fọ́ wọn. Mo wò ó. Ó wọlé padà. Mo bọ ewé dongoyárò, mo wọ́n omi rẹ̀ sí wọn lára. Ìyẹn ṣiṣẹ́, n kò ní parọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n òjò kan ṣoṣo ló fọ̀ ọ́ dànù, wọ́n sì padà wá, ó dà bíi pé wọ́n pe ẹbí wá kún ara wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn lọ́jọ́ tí mo pe Ìyá mi lórí fóònù, tí mo ń ro ẹjọ́ tata fún wọn.

Ọmọ Ṣàgámù ni Ìyá mi. Obì ni wọ́n tà títí àwa ọmọ fi di àgbà, tí àwa náà fi bímọ. Apẹ̀rẹ̀ obì kún yàrá wọn débi pé ó ku díẹ̀ kí ènìyàn má rí ibi gbé ẹsẹ̀ lé. Nígbà tó yá, eékún wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, wọ́n sì ṣubú lẹ́ẹ̀kan nínú ìsọ̀ wọn. Bí àbúrò mi ọkùnrin ṣe gbọ́ báyìí, ó wá, ó sì kó wọn lọ sí Èkó. Èmi ni mo ṣáájú ẹ̀ délé ayé, ṣùgbọ́n òun ni àkọ́bí ọkùnrin. Ó ní ọ̀dọ̀ ọmọ ọkùnrin ni ìyá ń gbé, kí ayé má baà sọ pé òun wà níbẹ̀ tí ìyá òun ń ráre. Ó ń tọ́jú wọn, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ẹran ò wọ́n wọn, dókítà ò wọ́n wọn, tẹlifíṣọ̀n wọn fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n àjà kẹta ni ilé náà wà, eékún Ìyá ò sì gba àtẹ̀gùn.

Tí mo bá pè wọ́n, màá ní, "Ìyá, kí lẹ ṣe lónìí?"

Wọ́n á ní, "Mo jókòó."

"Àná ńkọ́?"

"Mo jókòó lánàá náà."

Lọ́jọ́ tí mo ń sọ̀rọ̀ tata yìí, wọ́n gbọ́ mi títí, wọ́n wá bi mí pé ṣé mo ń yí ẹ̀yìn ewé wò. Mo ní rárá. Wọ́n ní ìgbà wo ni mò ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo ní ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, tí oòrùn bá ti yọ dáadáa. Wọ́n pòṣé. Èdè Rẹ́mọ ni wọ́n fi bú mi, mi ò sì ní tú u fún yín. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣa kòkòrò. Kí ni mo fi ṣe ayé mi bí kì í bá ṣe pé mo ń ṣa kòkòrò kúrò lára obì? Ẹ wá mú mi."

Àbúrò mi kọ́kọ́ kọ̀. Mo bọ́ awò ojú mi bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí fóònù la wà, ó sì dà bí ẹni pé ó mọ̀. Ó ní, "Ó dáa, Àǹtí mi, ọ̀sẹ̀ méjì. Tí kòkòrò bá ti tán, mò ń bọ̀ wá mú wọn." Ìyá jókòó tì í nígbà tó ń sọ ọ́. Wọ́n gbọ́ ọ dáadáa, èmi ni n kò fi ọkàn sí i.

Ẹ wò ó, ẹ ní láti mọ nǹkan kan nípa Ìyá mi. Wọn kì í jókòó sílé àna wọn láìníṣẹ́. Gbogbo ìgbà tí mo bímọ ni wọ́n wá, wọ́n wẹ ọmọ, wọ́n gbé ọmọ pọ̀n, wọ́n fi omi gbígbóná jó mi níkùn bí ẹni pé mo jẹ wọ́n ní gbèsè. Lọ́jọ́ tó bá pé ogójì, wọ́n á di ẹrù wọn. Ọkọ mi á máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣì wà pẹ̀lú wa díẹ̀. Èsì kan náà ni wọ́n máa ń fọ̀ fún un: "Àna mi, iṣẹ́ ti parí. Kí ni mo tún ń dúró ṣe? Kí wọ́n má baà sọ pé mo wá jẹun." Kò sẹ́ni tó lè yí wọn lọ́kàn padà lórí èyí, nítorí náà a dákẹ́ ẹ̀bẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Bí wọ́n ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún ọkọ mi ni, "Àna mi, iṣẹ́ ni mo bá wá o." Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Iṣẹ́ ń bẹ, Ìyá. Ẹ káàbọ̀."

Báàgì kan ni wọ́n gbé wá, pẹ̀lú ẹní ìkírun wọn, àti apẹ̀rẹ̀ obì kan tó ní ìdérí. Wọ́n ní obì díẹ̀ tó kù nínú ọjà wọn ló wà níbẹ̀, àwọn ò sì lè fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. N kò bi wọ́n ní ìbéèrè kankan. Nílé wa, ẹnikẹ́ni kì í ṣí apẹ̀rẹ̀ obì tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí ẹni tó ni ín bá ti to ewé sínú ẹ̀, tó wọ́n omi sí i, tó dé e, ó parí. Tí o bá ṣí i, atẹ́gùn á wọlé, obì á gbẹ, ẹni tó ni ín á sì mọ̀ láti ara bí ewé ṣe wà. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan nígbà tí mo wà ní kékeré. Àmì ẹ̀kọ́ tí mo gbà lọ́jọ́ náà pẹ́ lára mi.

Bí Ìyá bá ti kírun àárọ̀ tán, wọ́n á gbé àpótí ìjókòó sáàárín ebè, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n kọ́ mi pé òwúrọ̀ tí ìrì ṣì wà nílẹ̀ ni wọ́n ń mú tata, nítorí pé ara ẹ̀ ṣì tutù, kò lè fò. Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yí ẹ̀yìn ewé, tí wọ́n ń fi àtàńpàkò ra ẹyin kòkòrò dànù. Àwọn kòkòrò onírun, wọ́n ń fi igi kan tẹ̀ wọ́n pa. Tata ni wọ́n ń kó sínú ike tó ní ìdérí. Nígbà tí mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń fi tata ṣe, wọ́n ní, "Fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi." Mo ṣe bí omi gbígbóná ni wọ́n ń dà sí wọn.

Ọjọ́ kẹfà, ọgbà mọ́ tónítóní. Ewé tuntun ń yọ láìsí ihò kankan lára ẹ̀. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi pe àbúrò mi, mo ní, "Kòkòrò ti tán o, Ìyá ti pa wọ́n run." Ó ní, "Alhamdulilah. Mò ń bọ̀ ní Sátidé." Ìyá ń bó ẹ̀gúsí nítòsí mi. Wọn ò gbójú sókè.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jáde síta, tata bo ṣọkọ mi bí ẹni pé wọ́n ń ṣe ìpàdé. N kò rí iye bẹ́ẹ̀ rí. Inú bí mi débi pé mo bá tata jà, mo ń pè wọ́n ní olè lójúkojú. Ìyá jáde wá, wọ́n wò wọ́n, wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Ṣé o rí i? Kòkòrò kì í gbọ́ràn bí ènìyàn." Mo pe àbúrò mi pé kó má tíì wá.

Bá a ṣe tún ń ṣe nìyẹn. Ọgbà á mọ́, màá pe Èkó, ọjọ́ kejì tata á dé. Ọ̀sẹ̀ méjì di mẹ́rin, mẹ́rin di mẹ́fà. Ẹ̀yin tó ń ka èyí ti lè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Èmi tí mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, n kò mọ̀.

Kì í ṣe pé n kò rí àpẹẹrẹ. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, òun náà gbin ẹ̀fọ́. Ó kí mi lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá yín o. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń wá bá mi ṣa tata láràárọ̀, n kò rí ẹyọ kan nínú ọgbà mi mọ́." Mo rẹ́rìn-ín fún un, mo dé ilé, mo ń bínú sí tata pé kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀fọ́ tèmi ló dùn mọ́ wọn.

Yàrá Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Òórùn kan tó kan, tó sì korò. Mo ní, "Ìyá, kí ló ń rùn báyìí?" Wọ́n ní, "Obì ló ń làágùn." Mo ní, "Ó dáa." Ẹlòmíràn á ti sọ pé irọ́ ni, òórùn kòkòrò nìyí. Ṣùgbọ́n ọmọ olóbì ni mí. Mo mọ̀ pé obì máa ń làágùn nínú apẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Ẹ wá wo bí ìmọ̀ ṣe ń sọ ènìyàn di òmùgọ̀.

Sùúrù mi tán. Mo gba Ṣàgámù lọ, mo ra ìgò oògùn kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ta oògùn oko, mo gbé e dúró sórí tábìlì. Ojú Ìyá yí padà.

"O fẹ́ pa gbogbo wọn ni?"

"Ṣé kí n máa sìn wọ́n ni, Ìyá?"

Wọ́n ní nígbà tí àwọn ń ta obì, àwọn kan máa ń fi oògùn sí i kí kòkòrò má baà lù ú. Wọ́n ní àwọn ò ṣe é rí, nítorí pé ẹni tó máa jẹ obì náà, ọmọ ẹnìkan ni. Wọ́n ní kí n fún àwọn ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ohùn wọn rẹlẹ̀ jù fún ọ̀rọ̀ tata, ó sì ṣe mí ní kàyéfì. Mo gbé ìgò náà lọ sókè kọ́bọ́ọ̀dù.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti sú àbúrò mi. Ó ní kí n má pe òun mọ́, òun máa fi ojú ara òun rí ọgbà náà ní Sátidé. Tó bá mọ́, Ìyá ń bá òun lọ lójú ẹsẹ̀, òun ò sì fẹ́ gbọ́ àwíjàre.

Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Sátidé náà, Ìyá lọ kírun Jímọ̀. Ọkọ mi ló máa ń fi ọkọ̀ gbé wọn lọ. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, á jókòó sínú ọkọ̀ níwájú mọ́ṣáláṣí, á máa ka ìwé ìròyìn títí wọ́n á fi kírun tán. Mo wọ yàrá Ìyá láti gbálẹ̀. Mo gbọ́ tí nǹkan kan ń ha apẹ̀rẹ̀ nínú.

Obì kì í ha nǹkan. Mo dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, mo ní ọmọ-ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí láti ṣí apẹ̀rẹ̀ ìyá mi. Mo ṣí i.

Ewé tutù ni wọ́n tò sínú ẹ̀, ìpele ìpele, bí wọ́n ṣe ń to obì gẹ́lẹ́. Wọ́n ti wọ́n omi sí i. Láàárín ìpele kọ̀ọ̀kan, tata ni. Tata tó yó, tó sanra, tó ń jẹ ṣọkọ mi tí wọ́n já fún wọn. Kò sí ẹyọ obì kan níbẹ̀.

Inú kọ́kọ́ bí mi ná. Mo kọjá sí ilé ìdáná, mo gbé omi kaná. Mo ní èmi ni màá da omi náà sí wọn lórí fúnra mi, kí Ìyá bá wọn ní sísè. Ibi tí mo ti ń dúró kí omi hó ni orí mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ọgbà á mọ́, àbúrò mi á ní òun ń bọ̀, tata á dé. Ìyá ò lè kọ ilé ọmọ wọn ọkùnrin, kò sì sí bí wọ́n ṣe máa jókòó sílé àna wọn láìníṣẹ́. Àwọn tata yìí ni iṣẹ́ wọn. Ojú tì mí. Gbogbo ìgbà tí mo bá pe Èkó pẹ̀lú ayọ̀ pé kòkòrò ti tán, èmi ni mò ń lé ìyá mi lọ.

Fóònù dún. Àbúrò mi ni. "Àǹtí mi, mo ti dé Interchange Ṣàgámù. Mo ní kí n kúkú wá lónìí, kí n lè rí ọgbà náà bó ṣe rí gan-an."

Ó gbọ́n, ìyá kan náà ló ṣáà bí wa. Mo wo ẹ̀yìnkùlé. Ìyá ti ṣa gbogbo ẹ̀ mọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n ń dúró de àárọ̀ Sátidé kí wọ́n tó da tata padà, wọn ò mọ̀ pé ọmọ wọn máa fi ọjọ́ kan ṣáájú.

Mo pa iná omi. Mo gbé apẹ̀rẹ̀, mo sáré, bí ẹni ọdún mi ṣe lè sáré. Ebè tí ṣọkọ ibẹ̀ dára jù, tí mo ti ṣèlérí ẹ̀ fún ọbẹ̀ ọjọ́ Sunday, ibẹ̀ ni mo da wọ́n lé. Mo ní, "Ẹ jẹun, ẹ̀yin aláìnítìjú." Ọ̀sán gangan ni, ara wọn yá, wọn ò rí bíi ti àárọ̀ mọ́. Wọ́n ń fò mọ́ mi láyà, wọ́n ń wọ inú ìró mi. Mo ń fi ọwọ́ pín wọn ká kí ó má baà dà bíi pé ẹnìkan ló dà wọ́n síbẹ̀. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ padà, mo to ewé sínú ẹ̀, mo dé e. Bí mo ṣe jókòó ni mo gbọ́ fèrè ọkọ̀.

Àbúrò mi ò tíì jókòó tó fi ní ká lọ wo ọgbà. Ó dé ibẹ̀, ó dúró. Tata kan fò mọ́ agbádá ẹ̀, ó fò sẹ́yìn. Ó ní, "Háà. Èyí mà pọ̀ o, Àǹtí mi." Mo ní, "Ohun tí mo ń sọ fún ọ láti ọjọ́ yìí nìyẹn." Ẹni tó ti ṣe tíṣà lè parọ́ dáadáa tó bá pọn dandan.

Ibẹ̀ la wà tí Ìyá àti ọkọ mi fi dé. Ìyá ti rí ọkọ̀ àbúrò mi níta. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ilé wá, wọ́n ń rọra tẹ̀lé ògiri, ojú wọn sì ti rẹ̀wẹ̀sì bí ẹni tí wọ́n ti bá di ẹrù. Wọ́n rí ọgbà. Wọ́n wo tata, wọ́n wò mí. Wọ́n súnmọ́ mi, wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi ìka méjì yọ tata kan kúrò lórí gèlè mi, bí wọ́n ṣe máa ń yọ kòkòrò lára obì.

Wọ́n ní, "Iṣẹ́ ṣì pọ̀ níbí."

Àbúrò mi ní, "Ó pọ̀, Ìyá. Ẹ máa bá wọn ṣe é títí tó fi máa tán."

Nígbà tó lọ, Ìyá pè mí wọ yàrá. Wọ́n gbé ọwọ́ lé ìdérí apẹ̀rẹ̀.

"Ta ló ṣí i?"

Mo ní, "Obì yín ń làágùn jù, Ìyá. Mo ní kí atẹ́gùn fẹ́ sí i díẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. N kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín náà yí padà. Wọ́n ní, "Ọmọ rere ni àbúrò ẹ, má jẹ́ kó gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kú lórí ìjókòó." Mo di ọwọ́ wọn mú. Òórùn tata ló wà ní ọwọ́ àwa méjèèjì.

Mo jáde lọ bá ọkọ mi láti ro ẹjọ́ fún un. Kò jẹ́ kí n parí ẹ̀. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní. Ó ní ta ni mo rò pé ó ń bá Ìyá gbé ike láti ọgbà nọ́ọ̀sì. Àgbà ìjọ ni o, ẹni tó ń gba igbá ọrẹ. Ọ̀rọ̀ tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín la fi ń rín in.

Ọdún kejì rèé. Ìgò oògùn náà ṣì wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù, n kò ṣí i. Tata inú apẹ̀rẹ̀ ni à ń já ṣọkọ wa fún, nítorí náà ọjà Ṣàgámù ni mo ti ń ra ẹ̀fọ́, màá sì fi ìrẹsì bò ó nínú báàgì kí nọ́ọ̀sì má baà rí i. Àbúrò mi pè ní ọjọ́ Sunday tó kọjá. Lẹ́yìn tá a kíra wa tán, ó ní, "Àǹtí mi, kòkòrò yẹn ńkọ́?"

Mo yọjú lójú fèrèsé. Ìyá wà lórí àpótí wọn láàárín ebè, wọ́n ń yí ẹ̀yìn ewé, wọ́n ń kọrin sábẹ́ ahọ́n. Ṣọkọ tutù yọ̀yọ̀, kò sí ihò kan lára ẹ̀.

Mo ní, "Àbúrò mi, wọ́n ṣì pọ̀ gan-an."